Bisikíìtì Baba Tuke

Bí Clarice Haworth bá ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ ní bòńkẹ́lẹ́, àwọn ará ojúlé kẹta a ti tẹ́tí sílẹ̀. Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló fi dúró sáàárín ẹ̀rọ ìhunṣọ mẹ́rin ní Padiham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ariwo wọn sì ti jẹ ẹ́ létí bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé. Ohun tí òun ń pè ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, igbe ni létí ẹlòmíràn. Níbi ìsìnkú Ọ̀gbẹ́ni Sugden, ó rọra sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé fìlà opó yẹn dà bí adìyẹ tó sàba lórí ẹyin. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló gbọ́, opó náà gbọ́, bóyá òkú pàápàá gbọ́. Clarice fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn yìí jù, a sì máa rẹ́rìn-ín títí ìdí rẹ̀ a fi máa gbọ̀n bí àpò ọ̀dùnkún lẹ́yìn ọkọ̀.

Nínú ilé ìhunṣọ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ń lo ohùn níbẹ̀. Èdè ètè làwọn obìnrin ń sọ. Wọn a la ẹnu gbàràgàdà, wọn a gbé ètè sókè sódò, ohùn kankan kò ní jáde, ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ kẹwàá a sì mọ ẹni tó lóyún àti ọkọ ẹni tó sùn sínú gọ́tà lánàá. Marjorie, ọmọbìnrin Clarice, gbọ́ èdè náà dáadáa, nítorí òun náà ṣe ọdún mẹ́ta níbẹ̀ kó tó lọ máa já tíkẹ́ẹ̀tì nínú bọ́ọ̀sì.

Wilf, ọkọ Clarice, nìkan ni èdè ètè kò wúlò fún mọ́. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló ti ń ṣiṣẹ́ ní yàrá tí wọ́n ti ń ya òwú, eruku òwú sì ti wọ̀ ọ́ láyà, ó jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ. Nígbà tó fi di oṣù kẹta ọdún 1967, bó bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, a dúró máa mí bí ẹni tó sáré láti ìlú Burnley wá. Ojú rẹ̀ náà sì ti ṣú pátápátá láti ọdún méjì sẹ́yìn. Orí àga ìrọ̀gbọ̀kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ló ń gbé, ohun tó sì ń retí láti Sátidé dé Sátidé kò ju ẹyọ kan lọ: Ilé Ìmọ́lẹ̀ Júpítà.

Eré tẹlifíṣàn ni, apá mẹ́tàlá. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń ṣe é, lẹ́yìn tí wọ́n bá ka èsì bọ́ọ̀lù tán. Ilé ìmọ́lẹ̀ kan wà lójú òfuurufú lọ́hùn-ún, nítòsí Júpítà, tó ń tan iná fún àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá kí wọ́n má baà forí sọ àpáta. Ènìyàn mẹ́ta ló ń gbébẹ̀: Ọ̀gá Dane tí àgbọ̀n rẹ̀ mú bí igun tábìlì, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Vesta, àti Baba Tuke, arúgbó tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, tó sì máa ń kùn ṣáá nípa orúnkún rẹ̀ àti nípa tíì tí kò gbóná. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ibẹ̀, ògiri a mì. Ẹ̀dá abàmì tó ti Júpítà wá, ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan ju rọ́bà ìgbálẹ̀ oníná lọ. Clarice mọ̀ ọ́n dájú, torí irú rẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé wọn. Ṣùgbọ́n Wilf kò rí rọ́bà, kò rí ògiri tó ń mì. Ní ti Wilf, ẹ̀gbẹ́ Júpítà gan-an ni wọ́n wà. Baba Tuke sì ni ènìyàn rẹ̀.

"Òṣìṣẹ́ nìyẹn," a wí. "Ọkùnrin yẹn mọ ohun tí wọ́n ń pè ní orúnkún."

Marjorie yá ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ́wọ́ Derek, àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Téèpù kan ṣoṣo ló ní. Lọ́jọ́ Sátidé, a gbé máìkì sórí àpótí láàárín tẹlifíṣàn àti àga bàbá rẹ̀, a gba eré náà sílẹ̀, Wilf a sì máa gbọ́ ọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Tó bá tún di Sátidé, a gba tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ètò yẹn ì bá dára bí kì í bá ṣe ti ẹnu Clarice. Lápá kẹrin, níbi tí Ọ̀gá Dane ti ń ka nọ́ńbà àṣírí tí ayé wọn dúró lé, ohun tí a gbọ́ nínú téèpù ni: "Wilf! Ṣòkòtò ọkùnrin yìí mà fún o! Gbogbo ogún baba ẹ̀ ni mò ń wò yìí!" Nọ́ńbà wo? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n títí dòní.

Apá kẹtàlá, tó kẹ́yìn, bọ́ sí Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde. Marjorie sì ní láti lọ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó fi ìka han ìyá rẹ̀.

"Bọ́tìnnì pupa yìí, Màmá, àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ tẹ méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹnu dé."

"Ṣé kí n má mí ni?"

"Ẹ lè mí. Ẹ má ṣáà sọ̀rọ̀."

"Bàbá ẹ ńkọ́? Ta ni yóò máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún un? Àbí kí n fi ètè bá afọ́jú sọ̀rọ̀?"

Wilf rẹ́rìn-ín lórí àga, ẹ̀rín náà di ikọ́. "Ojú ló fọ́, Clarice, etí kò fọ́. Mo mọ ohùn gbogbo wọn. Jẹ́ kọ́mọ gba nǹkan ẹ̀ sílẹ̀."

"Òun ló kẹ́yìn, Màmá," ni Marjorie wí. "Wọn kì í ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Tẹ́ ẹ bá bà á jẹ́, mi ò ní mọ bó ṣe parí láéláé."

"Máa lọ kọrin ẹ. Bí mo bá ya ẹnu, kí ṣàkì tí mo fẹ́ jẹ lálẹ́ há mi lọ́nà ọ̀fun."

Ó sì gbìyànjú o, ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn. Ó tẹ bọ́tìnnì méjèèjì, ó ká ańkáṣíìfù, ó sì fi eyín bù ú mú bí ajá tó gbé eegun. Ogún ìṣẹ́jú gbáko ló fi dákẹ́. Irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Òógùn bò ó.

Nínú eré náà, ọkọ̀ ńlá kan ń bọ̀ pẹ̀lú irinwó ènìyàn nínú rẹ̀, iná ilé ìmọ́lẹ̀ sì ti kú. Baba Tuke wọ aṣọ òfuurufú, ó gbé àṣíborí onídígí lé orí, ó bọ́ síta lọ tún un ṣe, ó ń bú orúnkún rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Iná tàn. Ọkọ̀ kọjá láyọ̀. Okùn tó so Baba Tuke mọ́lé sì já.

Láti ìgbà náà lọ, kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ nínú eré yẹn. Ojú arúgbó náà nìkan ni wọ́n ń fi hàn nínú dígí, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń tán lọ. Èémí rẹ̀ nìkan ni a ń gbọ́. Ó mí. Ó dúró. Ó tún mí.

Tẹlifíṣàn ilé Haworth kì í kẹ́lẹ́, nítorí etí Clarice, nítorí náà èémí yẹn kún inú ilé. Clarice yíjú sí ọkọ rẹ̀. Wilf ti di apá àga mú. Àyà rẹ̀ ń gòkè pẹ̀lú ti Baba Tuke, ó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ti Baba Tuke. Bí ẹni inú tẹlifíṣàn bá dúró, òun náà a dúró. Clarice tún wo tẹlifíṣàn, ó rí i pé ojú Baba Tuke ti ń pa dé. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Dókítà tó ń tọ́jú Wilf ti sọ ibẹ̀ fún òun náà lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lẹ́nu ọ̀nà, tí Wilf kò gbọ́.

Ó tu ańkáṣíìfù dànù.

"Wọ́n ti rí i o, Wilf! Ọ̀gá Dane ti jáde! Ó so okùn mọ́ ìdí, ó ń bọ̀ bí ẹja! Háà, ó ti gbá a lẹ́sẹ̀ mú!"

Nínú dígí, ooru ẹnu Baba Tuke tó ń bo ojú rẹ̀ dáwọ́ dúró.

"Ó ń fà á! Ó ń fà á! Wọ́n ti wọlé! Vesta ti bọ́ dígí lórí ẹ̀, Tuke ń bínú, o mọ̀ ọ́n, ó ní tíì òun dà! Wọ́n ti gbé tíì fún un, Wilf, mò ń rí èéfín ẹ̀! Àti bisikíìtì!"

Ó dúró díẹ̀ kó lè mí. Lórí tẹlifíṣàn, kò sóhun kankan mọ́ ju àwọn ìràwọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà orin bẹ̀rẹ̀, orúkọ àwọn òṣèré sì ń gòkè. Wilf gbé ojú rẹ̀ tí kò ríran sọ́dọ̀ rẹ̀, ó gbé ohùn sókè bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ kó gbọ́.

"Bisikíìtì wo?"

"Onígíńgà," ni Clarice wí. "Méjì."

"Ìyẹn dáa. Gíńgà dára fún àyà."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn Àjíǹde, Marjorie tan ẹ̀rọ náà. Gbogbo rẹ̀ lọ geere, òun náà ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò pẹ́ ni "Wọ́n ti rí i o, Wilf!" bẹ́ jáde bí ìbọn. Ó pa á lójú ẹsẹ̀. "Màmá! Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló kù! Ẹnu yín yìí, ìdí agbọ̀n tó jò ni!"

Clarice la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó rí Wilf, ó pa á dé.

"Fi ìyá ẹ sílẹ̀," ni Wilf wí. "Kò sẹ́ni tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù ní rédíò tó tó o, Clarice."

Wilf kú nínú oṣù karùn-ún. Marjorie kò gba nǹkan kan lé téèpù yẹn lórí mọ́. Ó wé e, ó tì í sínú agolo súìtì kan, ó sì gbé e sísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Kò gbọ́ ọ, kò sì jù ú nù, torí ohùn bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀ níbì kan.

Ọdún mọ́kànlélógún kọjá lórí rẹ̀. Kò sí ìgbéyàwó kan, kò sí ìrìbọmi kan nínú ẹbí wọn tí Marjorie kò ti ní sọ bí ìyá òun ṣe fi igbe pa òpin eré tẹlifíṣàn. Clarice ló máa ń rẹ́rìn-ín jù. "Wọ́n ní kí n pa ẹnu dé fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Ẹni tí kò lè pa á dé níbi ìsìnkú!" Ṣùgbọ́n bó bá délé, tó bọ́ eyín àtọwọ́dá rẹ̀ sínú ife, a máa rò ó. Kò purọ́ fún Wilf rí àfi nípa iye tó ra fìlà kan. Ó wá lọ pa irọ́ tó tóbi jù fún un nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó kú, ọkùnrin tó jẹ́ pé ohun tí òun bá sọ fún un nìkan ni ojú tó ní. Kò sì sẹ́ni tó lè bi báyìí pé ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1988, Marjorie rí lẹ́tà kan nínú ìwé ìròyìn. Iléeṣẹ́ tó ṣe Ilé Ìmọ́lẹ̀ Júpítà ti pa gbogbo apá mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá rẹ́, wọ́n ti gba nǹkan mìíràn lé téèpù wọn lórí, bí Marjorie náà ṣe ń ṣe. Ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ eré náà ń wá ẹnikẹ́ni tó bá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Marjorie kọ̀wé sí wọn. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, Ọ̀gbẹ́ni Neville Tranter ti Leicester dé, olùkọ́ ìṣirò, irùngbọ̀n rẹ̀ tín-ín-rín bí èyí tó ń tọrọ àforíjì, ó gbé ẹ̀rọ kan tó wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

"Ìyáàfin Haworth, ẹ ò lè mọ bínú mi ṣe dùn tó," ló wí. "Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Wọ́n mú mi lọ kí àǹtí mi lọ́jọ́ náà gan-an. Àǹtí mi ò ní tẹlifíṣàn."

"Ìyẹn mà burú o, ọmọ mi. Jẹ páì."

"Ẹni tó kọ eré náà ti kú. Ìwé rẹ̀ sọnù. Tá a bá bi ẹni mẹ́wàá bó ṣe parí, ìtàn mẹ́wàá la máa gbọ́. Àwọn kan ní Tuke kú, àwọn kan ní kò kú. Méjì nínú ẹgbẹ́ wa kì í kí ara wọn mọ́ nítorí ẹ̀."

Ó gbé téèpù sórí ẹ̀rọ bí ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun. Wọ́n jókòó yí tábìlì ká. Clarice, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tún ẹ̀rọ etí rẹ̀ tì, ẹ̀rọ náà súfèé. Eré lọ, ó lọ. Òun nìyẹn, igbe rẹ̀, ó ṣì lágbára: wọ́n ti rí i o, Wilf. Ó ṣòro láti gbà pé ọ̀fun kan ṣoṣo ló gbé gbogbo ìyẹn jáde. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Marjorie jẹ́ kó kọjá ibẹ̀. Nígbà tó kan "Bisikíìtì wo?", ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Neville ti dìde, ojú rẹ̀ ń dán. "Ó yè! Wọ́n gbé e wọlé! Ìyáàfin, kò sí ohùn ẹnikẹ́ni lápá yìí, ó fi hàn pé àwòrán nìkan ni, bí kò bá sí yín a ò ní mọ̀ láéláé! Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ ohun tó wà lójú àwòrán!" Ó ti fa bírò yọ, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé.

"Ẹ gbọ́, Màmá?" ni Marjorie wí, omi lójú. "Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń bú yín. Inú Dádì sì dùn pé ó yè. Mo máa ń rántí ìyẹn."

Clarice wo bírò yẹn. Ó lè dákẹ́. Ìgbà kan ṣoṣo nìyí láyé rẹ̀ tí dídákẹ́ ì bá ṣe é lóore: a ó pè é ní akin, ọmọ rẹ̀ a máa rántí ohun tó ń rántí, irọ́ náà a wọnú ìwé, a di òtítọ́. Ó ronú kan òṣèré tó ṣe Baba Tuke, ọkùnrin tí kò mọ orúkọ rẹ̀, bó ṣe pa ojú dé.

"Gbé bírò ẹ sílẹ̀, ọmọ," ló wí. "Ó kú."

"Kí lẹ wí?"

"Tuke. Ó kú. Afẹ́fẹ́ ẹ̀ tán. Dane ò jáde, Vesta ò jáde, kò sí tíì. Ọkùnrin yẹn kú ikú tó dáa, ó ṣe é tọkàntọkàn, kò yẹ kí ìyá arúgbó kan gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi ni mo purọ́. Mo ń pariwo kí Wilf má baà gbọ́ ibi tí èémí ti dúró." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Marj, o ò rí àyà ẹ̀. Òun àti Tuke jọ ń mí ni. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n jọ dúró."

Marjorie wo tábìlì.

"Nítorí náà, ohun tínú ẹ̀ dùn sí, irọ́ ni," ló wá wí.

"Irọ́ ni, ọmọ mi."

Neville wú ikọ́. Ẹni tó bá ń kọ́ni ní ìṣirò, bí nǹkan bá dà rú, a padà sórí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fetí sí i lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá òun lè rí èémí náà gbọ́ lábẹ́ ohùn wọn. Ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ tó wà lára ẹ̀rọ náà bo etí méjèèjì, ó yí bọ́tìnnì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó pa ojú dé. Ó mi orí: èémí ni lóòótọ́, ó sì dúró lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ó la ojú.

"Ẹnì kan sọ̀rọ̀ níbí. Lẹ́yìn 'àti bisikíìtì', kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ohùn ọkùnrin, ó rẹlẹ̀ gan-an. Kì í ṣe ti inú eré."

"Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀," ni Clarice wí. "Wilf bi mí ní bisikíìtì wo, ìyẹn nìkan."

"Ó ṣáájú ìyẹn."

Marjorie gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi sétí. Neville tún un tàn fún un. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kó dá a padà, ó tún gbọ́ ọ. Ó wá bọ́ ọ kúrò létí.

Clarice na ọwọ́ sí i, ó fẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n kí làǹfààní ẹ̀? Ohùn tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè wọ etí rẹ̀ nígbà náà, kò lè wọ̀ ọ́ nísinsìnyí. Marjorie mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sì lè gbẹ́kẹ̀ lé ohùn ara rẹ̀ lákòókò yẹn. Ó bá la ẹnu gbàràgàdà, ètè sókè ètè sódò, bí ìgbà tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ ìhunṣọ ní ọmọ ogún ọdún, ó sì fi èdè ètè sọ ohun tí bàbá rẹ̀ wí fún ìyá rẹ̀ láti òdìkejì tábìlì, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀:

Ó ti kú, ọmọge mi. Mo gbọ́. Máa wí lọ.

Clarice fẹ̀yìn ti àga. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó lọ sínú àwo páì. Lẹ́yìn náà èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìdí rẹ̀ tẹ̀ lé e, àga dún.

"Ọkùnrin olórí kunkun yìí! Ó mọ̀! Ó mọ̀, ó sì tún gbójú gbóyà bi mí pé bisikíìtì wo! Èmi náà sì ń dáhùn! Onígíńgà! Méjì!" Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rọ etí rẹ̀ fi súfèé bí kẹ́tùlù, Marjorie náà bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹkún, ó dìde wá di ìyá rẹ̀ mú lọ́rùn.

Neville dúró títí ó fi rọlẹ̀. "Ìyáàfin Haworth, kí ni kí n kọ?"

Clarice fi etí áfírọ́ọ̀nù nu imú fọ́ọ́n. "Kọ ọ́ pé ó kú. Òtítọ́ nìyẹn. Kò sì gbọdọ̀ sẹ́ni tó máa yọ ohùn mi kúrò níbẹ̀, o gbọ́? Ohùn Wilf wà lábẹ́ ẹ̀." Ó dìde lọ gbé omi ka iná. "Tó bá sì ku ibi kékeré nísàlẹ̀ ìwé ẹ, kọ bisikíìtì náà síbẹ̀."